ÀṢẸ́KÙ Ọ̀DÀ ILÉ ÀTI AGOLO RẸ̀: BÍ A ṢE LÈ PALẸ̀ WỌN MỌ́ LÁÌPA ỌMỌ LÁRA



Nígbà tí Kérésìmesì, Iléyá tàbí ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìnáwó bá fẹ́ wáyé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni í máa ń kun ilé wọn ní ọ̀dà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé tí a kùn a máa wu ojú, a sì máa buyì kún onílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí ní ọjọ́ tí akunlé bá gba owó rẹ̀ tí ó sì lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, nǹkan máa ń ṣẹ́ kù: ìdajì agolo ọ̀dà, korobá tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́ nínú, búrọ́ọ̀ṣì tí a rì sínú kẹrosíìnì, akísà, àti ìgò tí tínà kù sí nísàlẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òórùn ọ̀dà tútù kò dára fún ènìyàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ lè padà wọ inú ilé, kí ó gba inú omi, inú oúnjẹ, tàbí ẹnu ọmọ wọlé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀dà rí.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ Ọ̀DÀ?

Oríṣi ọ̀dà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ọ̀dà olómi, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní ẹmúlṣọ̀n. Omi ni wọ́n fi ń pò ó, ara ògiri ni wọ́n sì sábà máa ń fi í kùn. Èkejì ni ọ̀dà elépo, tí wọ́n ń pè ní gílọ́ọ̀sì. Èyí ni ó máa ń dán, òun ni a fi ń kun ilẹ̀kùn, fèrèsé, pákó àti irin. Tínà tàbí kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń là á, òun náà ni wọ́n sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọ̀dà olómi kò le tó elépo, ṣùgbọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́ nínú agolo wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun mímu, kì í sì í ṣe ohun tí a ń dà sínú omi. Ọ̀dà elépo ní ewu mẹ́ta: ó lè gbiná, èéfín rẹ̀ a máa fa orí fífọ́ àti òòyì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú rẹ̀ sì ní òjé nínú.

Òjé ni irin rírọ̀ tí ó wúwo, tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun ni àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Àwọn tí ń ṣe ọ̀dà máa ń pò ó mọ́ ọn kí àwọ̀ pupa, ofeefee àti ewéko lè tàn dáadáa, kí ọ̀dà lè tètè gbẹ, kí irin má sì dípẹtà.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÒJÉ

Kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kò léwu. Bí ọmọdé àti àgbàlagbà bá gbé òjé mì láti ibì kan náà, ara ọmọdé lè fa ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún èyí tí ara àgbàlagbà ń fà. Ọmọ tí kò jẹun dáadáa tilẹ̀ tún ń fa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń bà jẹ́: ọmọ lè máa rán nílé ìwé, kí ó má lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó má tètè gbọ́ ohun tí a kọ́ ọ. Inú rírun, àìlègbọnsẹ̀, àìfẹ́ jẹun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ púpọ̀, gìrì lè mú ọmọ, ó sì lè kú.

Nínú egungun ni òjé ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, òjé tí ó ti wà nínú egungun rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Nítorí náà, aláboyún kò gbọdọ̀ há ọ̀dà àtijọ́, kò gbọdọ̀ gbá ekuru rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọ akísà tàbí aṣọ iṣẹ́ akunlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1904, dókítà J. Lockhart Gibson ní ìlú Brisbane, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣàlàyé pé ọ̀dà tí ó ń ṣí lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni ó ń fi òjé pa àwọn ọmọdé lára. Ní 1921, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva lábẹ́ Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, wọ́n sì ṣe àdéhùn láti dín lílo òjé funfun nínú ọ̀dà kù. Amẹ́ríkà fi òfin dá ọ̀dà ilé tí ó ní òjé dúró ní 1978. Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ NAFDAC gbé òfin jáde ní 2021 pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìpín 90 nínú mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú agolo tí ó ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yín ṣáájú àkókò náà, kò sì lè yọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ohun tí ekuru òjé lè ṣe hàn gbangba ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé láìmọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọdé tí ó ṣègbé lé ní 400. Kì í ṣe ọ̀dà ni ó fa ti Zamfara, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni ó sì gbà: ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé, àti ọwọ́ tí ó ń tì bọ ẹnu.

Ọ̀NÀ TÍ ÀṢẸ́KÙ Ọ̀DÀ Ń GBÀ PADÀ SÍLÉ

1. Inú gọ́tà. Ní agbègbè Old Garage ní Òṣogbo, níbi tí Freedom Park wà lónìí, ilé àti ìsọ̀ fara kan ara wọn, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ń da omi sí gọ́tà kan náà. Bí onílé kan bá da ọ̀dà sínú rẹ̀, yóò dì mọ́ ọra àti ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, omi kò ní ríbi gbà, yóò sì ya wọ ilé àwọn aládùúgbò. Èyí tí kò dì yóò bá omi lọ sí odò.

Odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Láti agbègbè Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí. Lójú ọ̀nà yìí ni ìsédò Aṣéjìrẹ wà, níbi tí wọ́n ti ń fa omi fún àwọn ará Ìbàdàn. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà, nítorí pé kò mọ́ mọ́. Ìwakùsà wúrà ni a sábà máa ń dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kí a tún fi ọ̀dà ilé wa kún un.

2. Inú kànga. Ọ̀dà elépo, tínà àti kẹrosíìnì tí a dà sílẹ̀ máa ń rin ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Kẹrosíìnì díẹ̀ péré ti tó láti mú kí omi kànga máa rùn, kí ó sì máa ta lẹ́nu. Ẹ má ṣe dà wọ́n sínú ṣáláńgá tàbí súkàwéè. Ilẹ̀ kan náà tí ó yí kànga yín ká ni ó yí wọn ká.

3. Inú iná. Agolo ọ̀dà elépo tí a dé, tí a sì sọ sínú iná, lè bú gbàù kí ó dáná sun ènìyàn. Èéfín rẹ̀ pẹ̀lú burú, bí ọ̀dà bá sì ní òjé nínú, iná kì í pa òjé. Yóò bá èéfín lọ, yóò sì bà sórí ilẹ̀, sórí ẹ̀fọ́ àti sórí aṣọ tí a sá.

4. Inú ilé ìdáná. Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn ìyá ti ṣọ́ra jù. Ní ọjà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò, ike ọ̀dà pàápàá ti di òṣùwọ̀n, tí a fi ń gbọ́ pé ẹnì kan ra gàrí ní péńtì kan tàbí ìdajì péńtì. Àwọn mìíràn ń fi ike bẹ́ẹ̀ pọn omi, wọ́n ń fi í rẹ ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo ògì, wọ́n sì ń fi í kó ẹ̀wà àti èlùbọ́ pamọ́. Wọn a ní àwọn ti fọ̀ ọ́ dáadáa. Fífọ̀ kò tó. Ọ̀dà máa ń wọ ojú ibi tí ike ti ha, ó máa ń kù sí abẹ́ etí rẹ̀, a sì máa ṣí wẹ́wẹ́ sínú ohun tí a bá bù sí i. Omi ẹ̀gẹ́ àti omi ògì a máa kan, omi kíkan a sì máa fa òjé jáde lára ohun tí ó bá wà ju omi lásán lọ. Korobá tí ọ̀dà ti wọ̀ rí kò gbọdọ̀ di ti oúnjẹ tàbí ti omi mímu mọ́ láéláé. Bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n tí àmì ọ̀dà wà nínú rẹ̀ lọ́jà, ẹ sọ fún ìyá ọlọ́jà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó lè fi mìíràn wọn ọjà yín.

5. Inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni í máa ń ra tínà tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ ju pé ìgò ohun mímu ni. Ẹ má ṣe bù ú sínú ìgò ohun mímu rárá, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

BÍ ỌMỌ BÁ GBÉ E MÌ

Bí ọmọ bá mu tínà, kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà elépo, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Ẹ má ṣe fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. A mọ̀ pé epo pupa ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sáré mú, pẹ̀lú ìfẹ́ ni wọ́n sì ń fi í ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Bí kẹrosíìnì bá dúró nínú ikùn, ewu rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí ọmọ bá bì, kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe ọṣẹ́ tí ó tóbi jù. Epo pupa a máa mú ọmọ bì, epo náà pàápàá sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

— Ẹ gba ohun tí ó kù lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ sì nu ẹnu rẹ̀.
— Ẹ bọ́ aṣọ tí ó dà sí, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ibi tí ó kan lára rẹ̀.
— Bí ó bá dà sí ojú, ẹ máa rọ omi tí ó mọ́ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbéra, tàbí lójú ọ̀nà.
— Ẹ gbé ọmọ jókòó. Bí ó bá ń sùn lọ tàbí tí ó bá ń bì fúnra rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.
— Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú agolo tàbí ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Ní Òṣogbo, Ilé Ìwòsàn Ìjọba tí ó wà ní Àsùbíàrò àti Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN wà fún irú èyí. Ní Iléṣà, Ilé Ìwòsàn Wesley Guild wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí ó bá ń mí lókèlókè. Ọmọ lè máa ṣeré ní wákàtí àkọ́kọ́, kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà.

BÍ A ṢE Ń PALẸ̀ ÀṢẸ́KÙ MỌ́

Kí ẹ tó rà á. Ẹ jẹ́ kí akunlé wọn ògiri kí ó tó sọ iye agolo tí yóò tó. Ọ̀dà tí a kò rà jù kì í di ẹrù.

Èyí tí ó ṣì dára. Ẹ nu etí agolo, ẹ ta ọ̀rá sí i lẹ́nu, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ kọ orúkọ yàrá àti ọdún tí ẹ rà á sí i lára. Ẹ gbé e sí ibi gíga tí ó tutù, tí ó jìnnà sí iná àti sí ọmọdé. Ọ̀dà olómi tí a dé dáadáa lè wà fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀, ẹ fún aládùúgbò, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ó ní ògiri láti kùn. Inú agolo rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi fún wọn, kí wọ́n lè ka ohun tí a kọ sí i lára.

Ọ̀dà olómi tí ó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe dà á nù ní tútù. Ẹ po yanrìn, eérú tàbí ìyẹ̀ pákó láti ibi ìlagi mọ́ ọn títí yóò fi dì. Bí kò bá pọ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí òjò kò lè dé, tí ọmọ àti ẹran ọ̀sìn kò lè dé. Nígbà tí ó bá gbẹ tán bí òkúta, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fún àwọn tí ń kó ìdọ̀tí.

Ọ̀dà elépo. Ohun tí ó dára jù ni kí a lò ó tán: ẹ kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga ìta, tàbí irin géètì. Ẹ má ṣe fi í kun ibùsùn ọmọ, ohun ìṣeré tàbí àga tí ọmọ lè gé jẹ. Díẹ̀ tí ó bá kù, yanrìn ni kí ẹ pò mọ́ ọn, níta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá.

Tínà àti kẹrosíìnì tí a fi fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú agolo irin tí a dé fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀dà yóò rì sísàlẹ̀, èyí tí ó mọ́ yóò sì wà lókè. Akunlé lè rọra dà á síta láti tún lò ó. Ẹ po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ mọ́ yanrìn. Kẹrosíìnì tí a ti fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ padà sínú sítóòfù tàbí àtùpà.

Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà olómi. Ẹ kọ́kọ́ nù ún mọ́ ara búlọ́ọ̀kù tàbí bébà àlòkù kí omi tí ẹ ó lò lè kéré. Bí iṣẹ́ yóò bá tẹ̀ síwájú lọ́la, ẹ fi ọ̀rá wé e. Kò nílò fífọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Akísà. Akísà tí ọ̀dà elépo rin lè gbóná fúnra rẹ̀ kí ó sì gbiná bí a bá ká a jọ gègèrè. Ẹ tẹ́ ẹ síta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ gan-an kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Agolo àti korobá. Nígbà tí ó bá gbẹ nínú, ẹ dá a lu nísàlẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Korobá tí ó ti lu kò lè di ti gàrí mọ́, ẹni tí ó bá ṣà á lórí ààtàn kò sì ní lè fi pọn omi. Àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri lè gba ti irin. Ti ike ṣì wúlò fún ìdọ̀tí, fún kíkó yanrìn, tàbí fún gbíngbin òdòdó, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ.

ILÉ TÍ Ọ̀DÀ RẸ̀ TI PẸ́

Ilẹ̀kùn pákó àti irin fèrèsé àwọn ilé àtijọ́ lè ní ọ̀dà olójèé lábẹ́ èyí tí a rí. Bí ó bá ń ṣí, ẹ má ṣe há a ní gbígbẹ, ẹ má sì ṣe fi iná yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, ẹ kó àwọn ọmọdé àti aláboyún kúrò, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ láti gba ohun tí ó bá já bọ́. Ẹ dì í pọ̀, kí ẹ sì fi akísà tútù nu ilẹ̀ dípò ọwọ̀. Akunlé gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀.

Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Ẹ fún un ní oúnjẹ tí ó ń fún ẹ̀jẹ̀ àti egungun lágbára, bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, wàrà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun. Ara tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kún kì í tètè gba òjé. Bí ẹ bá fura pé ọmọ ń jẹ ọ̀dà tí ó ń ṣí lára ògiri, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ní ìparí, kí akunlé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Mélòó ni yóò tó? Níbo ni a ó da omi búrọ́ọ̀ṣì sí? Ta ni yóò kó agolo lọ, níbo ni yóò sì kó o lọ? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wọ inú àdéhùn owó iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ìyá ilé fúnra rẹ̀ yí ẹ̀yìnkùlé ká lẹ́ẹ̀kan, kí ó wo ohun tí ó kù nílẹ̀, kí ọmọ tó wò ó.